Ta ló ń dí ihò tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù fi sílẹ̀? Quantum dots àti photosynthesis àtọwọ́dá

Ọmọ Òróki (Ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kẹ́mísírì ni mò ń kà ní yunifásítì níbí ní Òṣogbo, àsìkò sì ti tó tí màá mú àkòrí iṣẹ́ ìwádìí wá. Photosynthesis àtọwọ́dá ló wà lọ́kàn mi: ká lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fa háídrójìn jáde látinú omi, tàbí ká sọ CO2 di ohun tó ṣeé dáná, láìsí ewé níbẹ̀ rárá. Quantum dots ni mo fẹ́ fi gba ìmọ́lẹ̀ náà, àwọn hóró bíńtín tí kì í sábà ju nánómítà 2 sí 10 lọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Gbogbo ìwé tí mo kà ló ń yin bí dọ́ọ̀tì ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń to bí wọ́n ṣe ṣe é, mo máa ń bá a níbẹ̀ pé wọ́n da vitamin C sínú omi, tàbí ọtí, tàbí triethanolamine. Ewé orí igi ò dúró de ẹni tó máa bu vitamin C fún un. Omi àti afẹ́fẹ́ tó o. Kí wá ni vitamin C ń wá níbẹ̀? Bí mo bá lò ó, ṣé mo ṣì lè pe iṣẹ́ mi ní photosynthesis? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá jókòó níwájú ọ̀gá mi.

Tíṣà Òkè-Fìà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Físíìsì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ, nítorí náà jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí dọ́ọ̀tì jẹ́, kí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ yìí lè máa bá wa bọ̀.

Nínú èròjà bíi cadmium sulfide tàbí cadmium selenide, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ní ibi tó ń jókòó sí nísàlẹ̀, ó sì ní ibi tó lè fò lọ lókè. Àlàfo wà láàárín méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ ò bá tó àlàfo yẹn, á kọjá lọ ni, kò ní ta ohunkóhun sókè. Bí èròjà náà bá tóbi, àlàfo rẹ̀ kì í yí padà. Ti cadmium selenide jẹ́ nǹkan bí 1.74 eV (eV ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́nù). Àmọ́ bó o bá ṣe hóró rẹ̀ kéré títí tó fi ku nánómítà díẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ò ní ráyè nà mọ́, àlàfo náà á sì fẹ̀ sí i. Cadmium selenide kan náà, ní nánómítà 2, á máa tàn ní bulúù. Ní nánómítà 6, á máa tàn ní pupa. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún àwọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń pàṣẹ fún agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù máa gbé jáde.

Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lórí rẹ̀ ní 2023. Ekimov ti kọ́kọ́ rí i nínú gíláàsì aláwọ̀ ní Rọ́ṣíà. Bawendi ló wá ọ̀nà, ní 1993, tí gbogbo hóró fi lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n ti Brus ló kan ìwọ. Nígbà tó wà ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, dọ́ọ̀tì kọ́ ló ń wá. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe lè mú ìyípadà kẹ́míkà ṣẹlẹ̀ ló ń wá, hóró cadmium sulfide ló sì ń lò. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì, ó padà dé, ó wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ti yàtọ̀. Ó fura pé wọ́n ti dàgbà. Ó wá ṣe àwọn kan tó wọn nánómítà 4.5, ó fi wọ́n wé àwọn tó tó 12.5. Àwọn ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ bí cadmium sulfide ti máa ń ṣe, àwọn kéékèèké ti sún sápá bulúù. Ó gbé e jáde ní 1983. Ìbéèrè tó ò ń béèrè yìí gan-an ló bí ohun tó o fẹ́ fi dáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ vitamin C, ti àwọn oníkẹ́mísírì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìlà-Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, inú láàbù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo wà lọ́hùn-ún báyìí.

Àbúrò, ibi tó yẹ ko fọwọ́ kàn lo fọwọ́ kàn yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé nǹkan kékeré ni. Gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀lé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó fò lọ sókè. Èmi ní tèmi, ihò tó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ni mò ń wò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń dúró.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ta ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sókè, ihò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lójú méjèèjì. Bí kò bá tètè rí, èyí tó fò lọ á padà já sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tá a gbà á tún di ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru, a ò sì rí nǹkan kan mú. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá sì ti lọ pátápátá, tí ihò wá pẹ́ lára cadmium sulfide, dọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni ihò máa jẹ. Sulfide inú rẹ̀ ló máa yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, cadmium á wá máa yọ́ sínú omi. Iṣẹ́ vitamin C nìyẹn: ó ń sáré dí ihò kí nǹkan má bàa bàjẹ́. Bó ṣe ń dí i, òun ni ó ń bàjẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò.

Jẹ́ n fi èyí tó lókìkí hàn ọ́. Ní 2012, Todd Krauss, Richard Eisenberg, Patrick Holland àti àwọn tó bá wọn ṣe é ní University of Rochester kó dọ́ọ̀tì cadmium selenide sínú omi, wọ́n fi dihydrolipoic acid bò ó lára kó lè yọ́, wọ́n wá fi iyọ̀ níkẹ́ẹ̀lì ṣe catalyst, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Catalyst kọ̀ọ̀kan yí ju ìgbà 600,000 lọ. Ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 360 lọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbà, ó lé ní ìdá 36 nínú 100 tó so èso. Níkẹ́ẹ̀lì kò wọ́n, kì í ṣe platinum olówó gọbọi. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́ ńlá, mo ṣì máa ń fún àwọn ọmọ láàbù kà. Ṣùgbọ́n vitamin C ló sanwó gbogbo háídrójìn yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan photosynthesis ni wọ́n ṣe.

Wo ohun tí ewé ń ṣe. Nínú Photosystem II, ìyẹn ẹ̀yà ara ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fọ́ omi, manganese 4 àti calcium 1 wà tí ọ́síjìn so pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń mú ihò wá níkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ń kó wọn jọ: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ìgbà tí mẹ́rin bá pé ló máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mẹ́rin lọ́wọ́ omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́síjìn tá à ń mí á sì jáde. Bó ṣe le nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń wá ní ẹyọ-ẹyọ, omi sì ní mẹ́rin lòun ń tà. Lápá kejì, háídrójìn ń fẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 2, CO2 sí carbon monoxide ń fẹ́ 2, sí methanol 6, sí methane 8. Dọ́ọ̀tì tí ihò méjì bá wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń kó ìjà sára rẹ̀ ni, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá já padà sínú ọ̀kan, agbára rẹ̀ á ta èkejì, ooru ni gbogbo rẹ̀ máa já sí.

Bá a ṣe mọ èyí ni pé à ń fi lésà tan ìmọ́lẹ̀ tó kúrú gidigidi sí dọ́ọ̀tì, a óò tún tan òmíràn tẹ̀lé e láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Femtosecond la fi ń wọ̀n ọ́n: pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù, kó o tún pín ọ̀kan nínú rẹ̀ sí ọ̀nà mílíọ̀nù. Ohun tí à ń rí léraléra ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lè bọ́ sórí catalyst kíákíá, nígbà tí ihò ṣì wà níbi tó wà, á há sí ojú dọ́ọ̀tì, á máa fà. Ẹni tó bá mú ihò yára ló máa ṣe àṣeyọrí níbí.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ kú àjọsọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló ń kà á sí mi létí, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìlú aró ni Òṣogbo, iṣẹ́ àwọn ìyá mi ni mò ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Bá a bá gún èlú, tá a sá a, tá a rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò, a máa ń dúró títí ìkòkò fi máa yè. O máa mọ̀ ọ́n lójú: orí rẹ̀ á máa dán bíi bàbà, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ á sì yàtọ̀. Aṣọ tó o bá rì bọ inú rẹ̀, tó o bá fà á jáde, kì í ṣe aró ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Àwọ̀ ewé tútù ni. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, ojú rẹ báyìí ni yóò ti máa dú, látetí wá sáàárín, ibi tó ká pọ̀ ló máa kẹ́yìn. Ìkòkò mìíràn sì ń kú: o ri aṣọ bọ̀ ọ́, kò mú.

Ṣé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tiyín yìí wà nínú ìkòkò tèmi náà?

Ẹ̀gbọ́n Jámánì

Mọ̀mọ́, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó wà níbẹ̀ dáadáa.

Aró dúdú kì í yọ́ nínú omi. Nínú ìkòkò tó yè, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ń jẹ ohun tó wà nínú ewé tó ń jẹrà, wọ́n sì ń kó ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 2 fún aró kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló máa yọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí, tó sì lè wọ inú òwú. Tẹ́ ẹ bá fà á sínú atẹ́gùn, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù náà padà, aró á di dúdú, á sì há sínú òwú. Ibi tó ká pọ̀ ń kẹ́yìn torí atẹ́gùn ò tètè débẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí mò ń bọ̀. Ìkòkò yín ń ṣiṣẹ́ nítorí pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀ fún àwọn kòkòrò yẹn. Oúnjẹ yẹn ló ń fúnni ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Bó bá tán, ìkòkò á kú. Àbúrò, ohun tí vitamin C jẹ́ nínú ìgò rẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá tán, dọ́ọ̀tì rẹ á kú, oòrùn ì báà ràn bó ṣe wù ú.

Ọmọ Òróki

Ó yé mi wàyí. Mo dúpẹ́ mà, mo dúpẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì kan fẹ́ kí n lo cadmium sulfide torí pé ó rọrùn láti ṣe. Kí lẹ rí sí i?

Wọlé-wọlé Tẹ́lẹ̀

Mo fẹ́ dá sí èyí. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ cadmium sì ń bà mí lẹ́rù gan-an.

Ẹ lọ wo Toyama ní Japan. Ibi ìwakùsà Kamioka ń da cadmium sínú odò Jinzu, omi yẹn ni wọ́n fi ń rin oko ìrẹsì. Egungun àwọn èèyàn ń rọ, ó ń kán, wọ́n ń ké nítorí ìrora títí wọ́n fi sọ àrùn náà ní itai-itai, ìyẹn "ó dùn mí, ó dùn mí". Ní 1968 ni ìjọba Japan gbà pé cadmium ló fà á. Cadmium kì í tètè jáde lára. Kíndìnrín ló máa ń lọ jókòó sí.

Àwa náà mọ ohun tí ojú omi Ọ̀ṣun ti rí. Wíwa góòlù lápá òkè odò, níhà Iléṣà, ti sọ omi náà di ẹrẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 wà létí omi yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn èèyàn ń wá látòkèèrè, wọ́n ń bu omi náà mu, wọ́n ń bù ú fọ ojú. Ọmọ mi, gọ́tà ẹ̀yìn láàbù ní Òṣogbo, ibo lo rò pé ó ń ṣàn lọ? Mo mọ̀ pé ìwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa lò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níbí pé bí ihò bá jẹ dọ́ọ̀tì, cadmium ló ń yọ́ jáde. Mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì

Mo wà lẹ́yìn bàbá lórí èyí. Àbúrò, fi cadmium sílẹ̀ fún láàbù tó ní ibi tó ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà sí. Indium phosphide wà, copper indium sulfide wà, carbon dots sì wà, èyí tó o lè fi citric acid ṣe nínú ìkòkò irin tó dé pinpin tí wọ́n gbé sínú ààrò. Ní 2015, ẹgbẹ́ Erwin Reisner ní Cambridge fi carbon dots àti catalyst níkẹ́ẹ̀lì fa háídrójìn jáde nínú omi. EDTA ló dí ihò fún wọn. O rí i pé ìtàn kan náà ni.

Àgbẹ̀ Ìkirun

Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Kí ló burú nínú kí nǹkan dí ihò, bí nǹkan náà bá jẹ́ ìdọ̀tí? Ẹ wá wo èèpo ẹ̀gẹ́ níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí níhìn-ín. Ẹ wo ìyẹ̀fun pákó ní ilé-ìlàgi. Iná ni wọ́n ń sun ún, èéfín rẹ̀ ń wọlé tọ̀ wá. Bí dọ́ọ̀tì bá lè fi wọ́n dí ihò kó sì fún wa ní gáàsì, kí ló kàn mí bóyá ẹ pè é ní photosynthesis tàbí ẹ ò pè é?

Ẹ̀gbọ́n Jámánì

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn. Cambridge náà ni, ní 2017: dọ́ọ̀tì cadmium sulfide tí cadmium oxide bò lára, nínú omi tó ní potassium hydroxide púpọ̀, wọ́n sì fi igi àti bébà sí i. Háídrójìn jáde. Iṣẹ́ tó wúlò ni, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe é.

Ibi tá a ti yàtọ̀ ni ìṣirò agbára. Bó o bá pín omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn, agbára 237 kJ ni oòrùn máa fi pamọ́ fún ọ nínú mole kọ̀ọ̀kan. Bó o bá yọ háídrójìn látinú ṣúgà, oòrùn tuntun ò wọlé. Èyí tí ewé ẹ̀gẹ́ ti kó pamọ́ láti oko lo yọ jáde. Bí èèpo bá wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sun ún, ó dáa. Àmọ́ bí ìlú bá fẹ́ fi èyí ṣe epo, èèpo ò ní tó, omi àti oòrùn nìkan ló máa tó.

Bákan náà ni èyí tí yóò dùn mọ́ àgbẹ̀. Ní 2016, wọ́n so cadmium sulfide tó rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ nitrogenase, ẹ̀yà tí àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ fi ń sọ naitirójìn inú afẹ́fẹ́ di ammonia, tí àgbàdo ń jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ló gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù fún un dípò ATP, ohun tí ara ohun alààyè fi ń gbé agbára kiri. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó dí ihò: HEPES, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí bí omi ṣe kan tó yí padà. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá yà sí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ máa bá ihò yẹn níbẹ̀ tó ń dúró dè yín.

Àgbẹ̀ Ìkirun

Ammonia yẹn ni kẹ́ ẹ máa lé. Mo ti gbọ́ ti ìyókù.

Ọmọ Òróki (Ọjọ́rú)

Mo ti sùn lé e. Carbon dots ni màá lò, ihò ni màá sì tẹ̀ lé. Mo fẹ́ wo bí ohun tó ń dí ihò ṣe ń pinnu iye háídrójìn tó jáde: vitamin C, ọtí, omi ṣúgà láti ara èèpo ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà omi lásán. Ṣùgbọ́n a ò ní lésà. Iná náà ń lọ, ó ń bọ̀. Kí ni mo lè wọ̀n tí ọ̀gá mi ò fi ní da iṣẹ́ náà nù?

Tíṣà Òkè-Fìà

Má gbé e síta sínú oòrùn kó o wá máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Oòrùn Òṣogbo nínú ọyẹ́ àti oòrùn rẹ̀ lẹ́yìn òjò kì í ṣe ọ̀kan náà. Wá LED aláwọ̀ kan tó o mọ ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, so ó mọ́ bátìrì, wọn agbára tó ń dé ara ìgò, má sì sún ìgò kúrò lójú kan. Láìmọ iye ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, iye gáàsì tó jáde ò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì

Òótọ́ ni tíṣà sọ. Fi èyí kún un.

Lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò pẹ̀lú argon tàbí naitirójìn kó o tó tan iná, torí ọ́síjìn máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ṣáájú catalyst. Ṣe ìgò kan nínú òkùnkùn. Ṣe ọ̀kan tí kò ní dọ́ọ̀tì, ọ̀kan tí kò ní níkẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan tí kò ní ohun tó ń dí ihò. Bí èyí tí kò ní nǹkan kan bá ṣì ń mú gáàsì jáde, dúró níbẹ̀ kó o wá ìdí rẹ̀. Gas chromatograph ni kó o fi ka háídrójìn. Bí ẹ̀ka yín ò bá ní, kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ní in kí ọ̀gá rẹ sì fọwọ́ sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kó o yí i sí CO2, má ṣe é láìsí CO2 tó ní carbon-13, carbon tó wúwo díẹ̀ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, tá a lè fi tọpa ibi tó lọ. Dọ́ọ̀tì rẹ fúnra rẹ̀ carbon ni, vitamin C náà carbon ni. Carbon monoxide tó o máa rí lè má ti ara CO2 wá rárá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: fọ carbon dots rẹ dáadáa. Bó o bá se citric acid pẹ̀lú ethylenediamine, àwọn molecule kéékèèké kan máa ń bá a jáde tó ń tàn bulúù dáadáa, tí èèyàn á rò pé dọ́ọ̀tì ló ń tàn. Fi àpò dialysis fọ̀ ọ́, àpò tó ń jẹ́ kí àwọn molecule kéékèèké jò síta tí dọ́ọ̀tì á kù sínú, máa pààrọ̀ omi rẹ̀ títí omi ìta ò fi ní tàn mọ́ lábẹ́ iná UV. Kó omi ìta tó kọ́kọ́ tàn náà sínú ìgò, fi ṣe ìdánwò lọ́tọ̀ pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì kan náà. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Wọlé-wọlé Tẹ́lẹ̀

Níkẹ́ẹ̀lì náà, má dà á sí gọ́tà. Wá kẹ́ẹ̀gì kan, kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, tì í mọ́ láàbù títí ẹ̀ka yín á fi kó o.

Ọmọ Òróki

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, sà. Mo ti rí àpò dialysis lọ́wọ́ ẹni tó ń kà biokẹ́mísírì, mo sì ti bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n bá mi kọ̀wé lórí ẹ̀rọ tó ń ka gáàsì. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa se ti àkọ́kọ́. Màá gbé nọ́ńbà ìgò òkùnkùn síbí kí n tó gbé ti èyí tó rí ìmọ́lẹ̀.